Oyè balógun tí wọ́n fi du àwọn Palwankar: ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì Bombay, 1892 sí 1946

Ní ọdún 1920, ọmọ ìyá méjì, Palwankar Shivram àti Palwankar Vithal, kọ̀wé síta nílùú Bombay pé àwọn ò bá ikọ̀ Híńdù gbá kíríkẹ́ẹ̀tì mọ́. Kò sí ìdíje tó lókìkí tó èyí tí ikọ̀ náà ń múra sílẹ̀ fún ní gbogbo Íńdíà nígbà náà, àwọn méjèèjì sì wà lára òpó tó gbé ikọ̀ dúró. Ohun tó fà á ni pé ara balógun ikọ̀, M.D. Pai, kò yá, wọ́n sì ní láti fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀ nínú eré àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí. Ìgbìmọ̀ tó ń yan ikọ̀ yọ Baloo, ẹ̀gbọ́n àwọn méjèèjì, kúrò pátápátá. Wọ́n fo Shivram, wọ́n fo Vithal, wọ́n gbé oyè náà fún D.B. Deodhar, ọmọ Brahmin, ìran tí àwọn Híńdù kà sí èyí tó ga jù, láti Poona, ìlú kan tí kò jìnnà sí Bombay. Shivram ti ń bá ikọ̀ Híńdù gbá kíríkẹ́ẹ̀tì láti 1906, kí Deodhar tó dé rárá.

Chamar ni àwọn Palwankar, ìran tó ń ṣiṣẹ́ awọ, tí ẹ̀sìn Híńdù ìgbà náà kà sí aláìmọ́. Bí ọwọ́ wọn bá kan oúnjẹ Brahmin, oúnjẹ ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́tà tí àwọn àbúrò méjì yìí kọ kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: nítorí ìran tí a bí wa sí ni ẹ ṣe fo wa.

Kí ẹni tí kò mọ Bombay ìgbà náà tó lè rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó, ó yẹ kó mọ irú ìdíje tó jẹ́.

Àwọn Pársì, ẹlẹ́sìn Sọroásítà tí àwọn baba ńlá wọn ti Páṣíà wá, ni ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó kọ́kọ́ fi kíríkẹ́ẹ̀tì ṣe tiwọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1848, orí pápá gbangba tí gbogbo aráàlú ń lò ni wọ́n sì ti ń gbá a. Àwọn Òyìnbó ní Bombay Gymkhana, ẹgbẹ́ eré ìdárayá tó ní pápá tirẹ̀, láti 1875, níbi tí ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kì í gbà wọlé àfi tó bá jẹ́ ìránṣẹ́. Pápá tiwọn yìí kò tó wọn. Wọ́n tún ń kó ẹṣin wọn wá gbá pólò, eré bọ́ọ̀lù orí ẹṣin, lórí pápá aráàlú, pátákò ẹṣin á wú gbogbo ilẹ̀, àwọn ọmọ tó fẹ́ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì á bá kòtò. Ìwé ẹ̀sùn tí àwọn ọmọ ilẹ̀ kọ lórí ọ̀rọ̀ pólò yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1880 pọ̀. Ní àkókò kan náà, àwọn Pársì ń dára sí i. Wọ́n lọ sí England ní 1886 àti 1888. Nígbà tí G.F. Vernon kó ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Íńdíà, wọ́n nà án ní Bombay ní oṣù Kìíní 1890.

Láti 1892 ni Òyìnbó àti Pársì ti ń pàdé lọ́dọọdún nínú eré tí wọ́n kà sí ìpele àkọ́kọ́, ìyẹn eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí ayò rẹ̀ ń wọ ìwé àkọsílẹ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé. Àwọn Híńdù wọ ìdíje ní 1907, ó di onígun mẹ́ta. Àwọn Mùsùlùmí wọlé ní 1912, ó di onígun mẹ́rin. Nígbà tó di 1937, wọ́n fi ikọ̀ karùn-ún kún un, wọ́n pè é ní "Àwọn Tó Kù", ibẹ̀ ni wọ́n kó Kìrìsìtẹ́nì, Júù, Búdà àti ẹnikẹ́ni tí kò ríbi já sí sí. Ẹ̀sìn ẹni ló ń sọ ikọ̀ ẹni. Ibi tí wọ́n bí ọ sí tàbí ibi tí ò ń gbé kò kàn wọ́n.

Ọmọ Yorùbá tó bá ka èyí á ya ẹnu. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́sálásí, àbúrò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá àgbà sì ń bọ Ògún. Ikọ̀ mélòó ni ilé bẹ́ẹ̀ fẹ́ kó síta? Ṣùgbọ́n kí a má tíì fi wọ́n ṣẹ̀sín jù. Nígbà tí kíríkẹ́ẹ̀tì dé Èkó lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n fi pín in, ti Òyìnbó lọ́tọ̀, ti ọmọ ilẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó da méjèèjì pọ̀.

Fún ẹni tí kò tíì wo kíríkẹ́ẹ̀tì rí: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó di pákó mú á gbá a, á sì sáré láti òpin kan sí èkejì, sísá yẹn ni a ń kà ní ayò. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń wá bí yóò ṣe lé ẹni tó di pákó mú jáde. Tí ikọ̀ méjèèjì bá ti gbá a lẹ́ẹ̀mejì-méjì, a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tó kù, ẹ óò máa bá a lọ.

Baloo ni àkọ́bí, Dharwad ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ń bá àwọn ológun ṣiṣẹ́ ní agbègbè Poona. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń fi pákó àti bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀gágun ti lò gbó ṣeré. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí ṣe ni gbígbá ilẹ̀ àti yíyí rólà lórí pápá ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn Pársì ní Poona, wọ́n sì ń san rúpì 3, owó Íńdíà, fún un lóṣù. Lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn Òyìnbó ní ìlú kan náà, owó oṣù gun rúpì 4. Ó ń ta àwọ̀n ìgbáradì, ó ń fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀, ó ń tọ́jú pápá tẹ́nìsì. Lọ́jọ́ kan, Òyìnbó kan ní kó ju bọ́ọ̀lù sí òun wò. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọwọ́ òsì ni Baloo fi ń jù. Kì í yára. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ á rọra lọ sókè, á balẹ̀, á sì yí kúrò níbi tí ẹni tó ń gbá a fọkàn sí. J.G. Greig, ọ̀gágun kan tó kéré lára ṣùgbọ́n tó mọ pákó lò bí idán, máa ń ṣáájú gbogbo èèyàn dé pápá kí Baloo lè máa ju bọ́ọ̀lù sí i. Wọ́n ní ààbọ̀ rúpì ló ń fún un nígbàkigbà tó bá lé e jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ péré, owó oṣù Baloo ti fi rúpì méjì lé. (Greig yìí kan náà ló padà di àlùfáà Kátólíìkì nígbà tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Ayé ọmọ aráyé!) Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tí Baloo fi ń ju bọ́ọ̀lù sí àwọn Òyìnbó wọ̀nyí, wọn ò gbé pákó lé e lọ́wọ́ rí kí òun náà gbá a. Ti ọ̀gá ni pákó.

Ariwo ọwọ́ rẹ̀ kò pẹ́ kó tó kan àwọn Híńdù Poona létí. Àwọn náà ní ẹgbẹ́, wọ́n sì ń wá bí wọn yóò ṣe na àwọn Òyìnbó. Ẹjọ́ wá bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn: ṣé a lè mú Chamar? Àwọn kan fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Brahmin ta kò ó. Nígbẹ̀yìn ìfẹ́ àtiborí ló borí. Wọ́n mú un, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe mú un. Lórí pápá, bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ Baloo ni Brahmin ń mú. Tó bá di àsìkò tíì, àwọn tó kù á wọlé lọ, ìta ni wọ́n á ti gbé tíì fún Baloo, nínú ife amọ̀ tí wọ́n á fọ́ dànù lẹ́yìn tó bá mu ún tán. Tó bá fẹ́ bọ́jú, ìránṣẹ́ tó jẹ́ ẹni ìran aláìmọ́ bíi tirẹ̀ ló ń gbé omi wá bá a ní igun pápá. Tó bá di oúnjẹ ọ̀sán, àwo rẹ̀ lọ́tọ̀, tábìlì rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ó sì ń lé èèyàn jáde. Ní Satara, àwọn Òyìnbó gbọ́ pé ó ń bọ̀, wọ́n ní kí ẹni tó ń tọ́jú pápá wọn fi rólà tẹ ilẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kó le bí òkúta, kí bọ́ọ̀lù má baà rí ibi yí. Baloo ṣì lé méje jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun yẹn ni Mahadev Govind Ranade, adájọ́ àgbà tó ń jà fún àtúnṣe ìwà láàárín àwọn Híńdù, bá àwọn ẹgbẹ́ Poona wí ní gbangba: bí ẹ bá lè bá Baloo gbá bọ́ọ̀lù, kí ló dé tí ẹ ò lè bá a jẹ, kí ẹ bá a mu?

Àjàkálẹ̀ àrùn tó ṣẹ̀ ní 1896 ló lé ìdílé náà dé Bombay. Baloo rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ rélùwéè, ẹgbẹ́ Hindu Gymkhana tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894 sì ń fẹ́ ẹ. Awuyewuye Poona tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ̀ jálẹ̀ kí wọ́n tó fi pẹ̀lẹ́tù bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn Híńdù fi wọ pápá pẹ̀lú Òyìnbó ní oṣù Kejì 1906, Baloo àti Shivram ló wà nínú ikọ̀. Híńdù gbá ayò 242 àti 160. Òyìnbó gbá 191 àti 102. Ayò 109 ni wọ́n fi nà wọ́n, Baloo àti Erasha tí wọ́n jọ ń ju bọ́ọ̀lù sì wà nídìí rẹ̀. Ìwé ìròyìn The Indian Social Reformer kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ ayò. Ohun tó wù wọ́n kọ ni pé gbígbà tí Hindu Gymkhana gba àwọn ọmọ Chamar wọlé ti la ojú ọ̀dọ́ Híńdù ju gbogbo akitiyan míì lọ.

Mo gbà pé òótọ́ ló wà níbẹ̀. Mo tún rò pé ìwé ìròyìn náà tètè yọ̀ jù. Ohun tó ṣílẹ̀kùn fún Baloo kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe pé ojú ẹnikẹ́ni là. Ìdíje tó pín aráàlú sí ẹ̀sìn-ẹ̀sìn ló sọ ọ́ di dandan kí àwọn Híńdù borí gẹ́gẹ́ bíi Híńdù, ọwọ́ òsì Chamar yìí sì ni wọ́n ní tó lè ṣe é. Ibi tí àǹfààní ikọ̀ bá pin sí, ibẹ̀ náà ni ìgbàlejò pin sí. Jíju bọ́ọ̀lù, ó yá. Oyè balógun, ó tì o. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń sìn ni. Ẹni tó jẹ́ balógun ń pàṣẹ fún Brahmin pé "ìwọ, lọ dúró sọ́hùn-ún", ìyẹn ni wọn ò lè gbé mì.

Ní 1911, Bhupinder Singh, ọba Patiala, kó ikọ̀ gbogbo Íńdíà lọ sí England: Pársì, Híńdù àti Mùsùlùmí pa pọ̀. Nínú eré 23, 6 péré ni wọ́n yege, 15 ni wọ́n pàdánù. Ọba fúnra rẹ̀ ò gbá púpọ̀, àríyá ìlú London ló gbà á lọ́kàn. Baloo, tó ti kúrò ní ọmọdé, tí èjìká sì ń dùn ún, lé èèyàn 114 jáde nínú gbogbo eré. Nígbà tó padà dé, àwọn ìran aláìmọ́ ní Bombay ṣe àpèjẹ fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, B.R. Ambedkar, ló kọ ìwé ìkíni tí wọ́n kà fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín: ta ló yẹ kó jẹ́ balógun Híńdù lẹ́yìn irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀? Ní 1913, tí gbogbo ọmọ Palwankar mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Baloo, Shivram, Ganpat àti Vithal, jọ wà nínú ikọ̀ kan ṣoṣo, M.D. Pai ni wọ́n fi jẹ balógun. Brahmin ni Pai, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìtìjú ni. Níbi àpèjẹ tí wọ́n ṣe fún un, ó sọ ọ́ gbangba pé Baloo ọ̀rẹ́ òun ló yẹ kí wọ́n fi oyè náà dá lọ́lá, torí òun ló dàgbà jù, òun ló sì nírìírí jù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọn ò yí nǹkan kan padà.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí di 1920. Lọ́dún yẹn, Gandhi, aṣáájú ìjà òmìnira Íńdíà, ti ń kéde kiri pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kíka èèyàn sí aláìmọ́, pé bí àwọn Híńdù ò bá fọ ìyẹn kúrò lára wọn, òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò ní dé. Ẹnu gbogbo aráàlú lọ̀rọ̀ yìí wà nígbà tí ìgbìmọ̀ ṣe ohun tí wọ́n ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ìgbìmọ̀ á ní Baloo ti lé ní ogójì ọdún, èjìká rẹ̀ ò lágbára mọ́, kò sẹ́ni tí kì í fẹ̀yìn tì. Ó dáa. Shivram àti Vithal ńkọ́? Deodhar ò jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, eléré gidi ni, ọdún tí ìdíje yìí bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bí i, ó sì dàgbà kọjá ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 1993. Àmọ́ tí a bá fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ìgbà wíwọlé díwọ̀n, kò sí bí òṣùwọ̀n ṣe máa fò lé Shivram lórí láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́tà jáde, ìlú gbóná. Híńdù bá Mùsùlùmí gbá a láìsí Palwankar kankan nínú ikọ̀, wọ́n sì borí. Ká ní wọ́n pàdánù ni, à bá ní ìjákulẹ̀ ló mú wọn ronú. Wọ́n borí, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ ṣì wá bẹ̀bẹ̀. Ìdí ni pé aráàlú tó ń sanwó wọlé kò sí lẹ́yìn wọn, àwọn Pársì ló sì kù nínú àṣekágbá. Shivram padà, Vithal padà. Baloo tí wọ́n ní ó ti dàgbà jù padà pẹ̀lú, ó tún wá di igbákejì balógun! Àṣé ọjọ́ orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá. Pai, tí ara rẹ̀ ti yá, ni balógun lórí ìwé. Lásìkò kan nínú eré náà, ó mọ̀ọ́mọ̀ kúrò lórí pápá, ó wọlé lọ jókòó, Baloo sì ń darí ikọ̀. Chamar ń tọ́ka, Brahmin ń sáré lọ síbi tó tọ́ka sí. Kò pẹ́ lọ títí. Lẹ́yìn ọdún yẹn Baloo kò gbá ìdíje náà mọ́.

Àbúrò rẹ̀ ló wá jẹ oyè náà ní kíkún. Ní 1923 wọ́n fi Vithal jẹ balógun Híńdù, wọ́n sì na àwọn Òyìnbó nínú àṣekágbá, lórí pápá Bombay Gymkhana fúnra rẹ̀. Èrò ya wọ pápá, wọ́n gbé Vithal sí èjìká, àwọn ọmọ Brahmin wà lára àwọn tó gbé e. Ẹni tí ìyá wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n fara kàn ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé lérí yẹn. Ohun tó gba Baloo ní nǹkan bí ogún ọdún láì rí i gbà, Vithal gbà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí wọ́n kọ lẹ́tà. Sùúrù àti iṣẹ́ àṣekára Baloo ni wọ́n fi wọlé, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ká ọwọ́ kúrò ni ilẹ̀kùn kejì ṣí.

Òkìkí ìdíje náà wá kọjá ti tẹ́lẹ̀. C.K. Nayudu, agbákíríkẹ́ẹ̀tì ikọ̀ Híńdù, ni gbogbo ọmọdé fẹ́ dà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1926, ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Arthur Gilligan kó wá bá àwọn Híńdù pàdé ní Bombay Gymkhana, Nayudu sì gbá ayò 153 láàárín wákàtí méjì, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni bọ́ọ̀lù fò kọjá ààlà láì balẹ̀. Eré yẹn wà lára ohun tó mú kí Gẹ̀ẹ́sì gbà pé Íńdíà tó bá orílẹ̀-èdè míì du nǹkan. Wọ́n dá àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1928.

Ẹ̀gún wá ń hù lábẹ́lẹ̀. Láti 1930 sí 1933 ìdíje kò wáyé, torí ìjà òmìnira ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tó padà ní 1934, ó ti ní orogún: ìdíje Ranji, tí wọ́n fi sọrí Ranjitsinhji, ọmọ Íńdíà tó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún England, tó kú lọ́dún tó ṣáájú. Nínú èyí, ìpínlẹ̀ àti ìlú ló ń bá ara wọn du ife ẹ̀yẹ, Mùsùlùmí àti Híńdù ọmọ Bombay sì ń gbá a nínú ikọ̀ kan. Bombay ló gba ife àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí èrò níbẹ̀. Ìdíje ẹlẹ́sìn ló ń kún fọ́fọ́, òun ni rédíò ń gbé sáfẹ́fẹ́, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà. Wọ́n gbé e lọ sí Brabourne Stadium tuntun ní 1937, àwọn Híńdù sì kọ̀ láti kópa lọ́dún náà torí wọn ò fara mọ́ iye ìjókòó tí wọ́n pín fún wọn. Ìjókòó ni wọ́n jà lé lórí o.

Ọdún 1937 yìí kan náà ni Baloo gbé àpótí ìbò. Ẹgbẹ́ òṣèlú Congress ti Gandhi fà á kalẹ̀ ní Bombay láti bá Ambedkar du ìjókòó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìran aláìmọ́. Ẹni tó kọ ìwé ìkíni fún un ní 1911 ti di agbẹjọ́rò ńlá, ó sì ti pinnu pé ilé àwọn Híńdù kò ṣeé gbé fún ìran òun. Baloo rò ó lọ́nà míì. Inú ilé ló ti jà ní gbogbo ayé rẹ̀, inú ilé ló sì fẹ́ kí wọ́n dúró sí. Ambedkar ní ìbò 13,245, Baloo ní 11,225. Ó sún mọ́ra ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Ní oṣù Kejìlá 1940, àwọn aṣojú Hindu Gymkhana lọ bá Gandhi ní Wardha pé kó gbà wọ́n nímọ̀ràn, torí ogun ń jà ní Yúróòpù, àwọn olórí òṣèlú sì wà lẹ́wọ̀n. Ó ní ẹ̀yìn àwọn tó fẹ́ kí ìdíje náà dúró lòun wà, kò sì fi mọ sí ọ̀rọ̀ ogun. Ó ní ó yé òun kí ilé ẹ̀kọ́ kan bá èkejì gbá bọ́ọ̀lù, àmọ́ ikọ̀ Híńdù, ikọ̀ Mùsùlùmí, ikọ̀ Pársì, kò yé òun rí. Hindu Gymkhana dìbò, àwọn tó ní kí wọ́n yọ ara wọn fi díẹ̀ borí, wọn ò kópa lọ́dún yẹn. Lọ́dún kejì, wọ́n ti padà. J.C. Maitra, akọ̀ròyìn Bombay Chronicle, kò sinmi, ó ń kọ ọ́ ní àkọtúnkọ pé májèlé ni.

Ibi tó ṣòro fún mi láti bá Maitra dé nìyí: àwọn ọdún tó kẹ́yìn ló dùn jù. Nínú àṣekágbá 1943, Vijay Merchant gbá 250 fún àwọn Híńdù láì jáde, ikọ̀ rẹ̀ fúnra wọn dáwọ́ dúró nígbà tí ayò wọn pé 581. Kìrìsìtẹ́nì ni Vijay Hazare, "Àwọn Tó Kù" ló ń gbá a fún. Wọ́n gbá 133 lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n padà sẹ́nu rẹ̀, márùn-ún ti jáde ní ayò 60. Vivek, àbúrò Hazare, wá dúró tì í. Àwọn méjèèjì jọ kó ayò 300 jọ, Vivek gbá 21 nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣáà dúró, kó máa di bọ́ọ̀lù, kí ẹ̀gbọ́n lè máa gbá a. Hazare gbá 309 nínú 387. Wọ́n ṣì pàdánù.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Híńdù àti Mùsùlùmí pàdé ní àṣekágbá. Ayò 298 ni Mùsùlùmí ń wá, K.C. Ibrahim wọ pápá láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì jáde títí wọ́n fi dé ibẹ̀. Òun nìkan gbá 137. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí wọn ò tíì lé jáde nínú ikọ̀ rẹ̀. Merchant, balógun Híńdù, lọ bá àwọn Mùsùlùmí nínú yàrá wọn láti kí wọn kú oríire. Ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ì bá búra pé ìdíje yìí ò lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóde pápá ti ju agbára pápá lọ. Àwọn kan ń pè fún ilẹ̀ Mùsùlùmí lọ́tọ̀, ìdíje tó ń to aráàlú bí ẹni ń to ikọ̀ ẹ̀sìn kò lè sọ pé òun ò mọ nǹkan kan sí i. Àwọn Híńdù gba ìdíje àṣekẹ́yìn, wọ́n na àwọn Pársì. Ní 1946, bí rògbòdìyàn ṣe ń gba ìlú kọjá, àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì fòpin sí i, wọ́n fi ìdíje ẹkùn-ẹkùn rọ́pò rẹ̀. Baloo ṣì wà láyé nígbà náà. Ó gbé títí di 1955.

Ibrahim gbá bọ́ọ̀lù fún Íńdíà ní 1948, ó sì padà fi Karachi, ní Pakistan, ṣe ibùgbé. Ní oṣù Kejì 1952, ní Madras, Íńdíà na England, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ogún ọdún tí wọ́n ti ń bá orílẹ̀-èdè míì du ú. Vinoo Mankad lé Gẹ̀ẹ́sì méjìlá jáde níbẹ̀. Hazare ni balógun.